‘A ń wò ó’: ohun tí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá sọ́fúwíà fojú mi rí ní Kàbà

Ọdún 2005 ni mo kọ sọ́fúwíà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni sanwó rẹ̀ fún mi. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Kàbà ló ni ín, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn obìnrin ọlọ́jà. Ọ́fíìsì wọn wà lẹ́yìn ọjà, nínú ilé kan tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ máa ń gbọ̀n bí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì bá ń kọjá lójú títì. Ìwé ńlá mẹ́rin ni wọ́n ń kọ owó sí tẹ́lẹ̀: ti owó ìpín, ti owó ìfipamọ́, ti ẹ̀yáwó, ti èlé. Mo fi Visual FoxPro, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ sọ́fúwíà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, mo sì so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kan mọ́ ọn tó máa ń han gooro bí ẹni ń lọ irin. Nígbà tí a tẹ ìṣirò owó ọdún jáde lẹ́ẹ̀kíní, tí ẹnikẹ́ni kò bá alága jà lórí èlé, wọ́n pa adìẹ fún mi. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ará ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Kọ̀ǹpútà, orúkọ náà kò sì kúrò lára mi mọ́.

Nígbà náà, àwa tí à ń fi FoxPro jẹun ní ìbẹ̀rù kan. Microsoft ló ni ín látìgbà tó ti ra ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní 1992, ó sì ti ń hàn pé ọmọ àgbàtọ́ ni FoxPro nínú ilé náà. Ẹ̀dà kẹsàn-án ti jáde ní ìparí 2004. Ṣé ìkẹwàá ń bọ̀? Ìbéèrè tí mo ń tìtorí rẹ̀ ná owó sí káfé íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ní oṣù kẹta ọdún 2007 ni wọ́n sọ ọ́ kedere: rárá. Kò ní sí ìkẹwàá. Ẹ̀dà kẹsàn-án la fi parí rẹ̀, àwọn á sì máa tọ́jú rẹ̀ títí di 2015.

Mo bínú. Àwọn kan nínú àwọn tó ń lò ó ní àwọn ilẹ̀ tó ń sọ èdè Spain kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n kó orúkọ jọ sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Lójú mi, wọ́n ti gba oúnjẹ lẹ́nu mi ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé nínú gbogbo ìdáhùn tí ilé iṣẹ́ sọ́fúwíà tíì fún mi, kò sí èyí tó dára tó o. "Rárá" wà nínú rẹ̀, ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n sọ ọ́ á ti mọ ìwé kà kí ọdún tí wọ́n dá tó pé. Sọ́fúwíà mi gan-an kò kú. 2015 dé, ó kọjá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ṣì ń han.

Ohun tó mú wa kúrò nídìí FoxPro, ìtìjú ni. Alága tuntun wọlé, ọ̀gá ilé ìwé tó fẹ̀yìntì tó sì ti gbé Àbújá pẹ́. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà wa, ó wò mí, ó ní irú èyí ò sí níbi tí ojú ti là mọ́. Ó ní kí n lọ wá èyí tó bá ìgbà mu.

Bí mo ṣe dé Lọ́kọ́jà ní 2016 nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan láti Èkó wá pàtẹ sọ́fúwíà ìṣírò owó rẹ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn. Ẹni tó ti kó sí wọn lọ́wọ́ á ti mọ̀ wọ́n. Ọ̀nà Ọbájánà kò tíì rí bó ṣe rí lónìí tí wọ́n ti da kọnkéré sí i, eruku ló bá mi wọ gbọ̀ngàn. N kò ní parọ́, sọ́fúwíà náà dára. Ó ya àwòrán owó fún ọ, ó ń ka èlé fúnra rẹ̀, ó tilẹ̀ ń rán ọ létí ẹni tí gbèsè rẹ̀ ti pẹ́. Èyí tó wá mú ọkàn mi jù ni pé orí kọ̀ǹpútà rẹ ló ń gbé, kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì wa máa ń ṣe bí àna tó wá kí ni: kì í wọlé. Bí o bá fẹ́ ẹ, wàá lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níta, kí o kọjú sí òkè, kí o má sì mira púpọ̀.

Mo ti gbọ́ pé irú àwọn ilé iṣẹ́ báwọ̀nyí ń kó ọjà wọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ tán, mo nawọ́.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, èyí tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ṣé yóò máa wà lọ? Ní ọ̀dọ̀ wa ní Kàbà, nẹ́tíwọ̀kì kò dúró."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè pàtàkì lẹ bi yẹn. A mọ bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe rí lọ́dọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà wa jẹ wá lógún gan-an. Ó wà nínú roadmap wa, ìwé ètò ọjọ́ iwájú wa, a ń wò ó dáadáa. Ohun tó ń bọ̀, inú yín á dùn sí i."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo ṣí ìwé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Yóò máa wà.*

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá Màmá Akápò níbi iṣu rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú owó ẹgbẹ́, owó kankan kò sì lè jáde bí kò bá fọwọ́ sí i. Mo kí i, "Ọ̀kún o, Màmá." Ó ní, "Ọ̀kún, Kọ̀ǹpútà. Báwo ni Lọ́kọ́jà?" Mo ṣàlàyé tán, mo ní ọ̀gá wọn ti fi dá wa lójú pé a ò ní nílò íntánẹ́ẹ̀tì láéláé.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kó o sọ ọ́ fún mi. Má bá a tún un ṣe."

Mo tún ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà sọ, bí mo ṣe rántí rẹ̀. Ó ń to iṣu lọ, kò gbójú sókè. Ó ní, "Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo sọ ọ́."

Mo ní, "Màmá, ó ní àwọn ń wò ó."

Ó wá gbójú sókè. "Bí èèyàn bá dúró síwájú iṣu mi, tó ná an, tó tún ná an, tó wá ní 'Màmá, mò ń bọ̀,' ṣé mo máa ń di iṣu náà dè é?"

Mo ṣàlàyé fún un pé ilé iṣẹ́ kì í ṣe ẹni tó ń ná iṣu, pé àwọn wọ̀nyí kàwé, pé wọ́n lórúkọ tí wọn ò ní fẹ́ bà jẹ́. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi dákẹ́. Ó ní kò burú, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ó fọwọ́ sí owó náà.

Mo ti ronú lórí ohun tó fà á tí etí mi fi gbọ́ ohun tí ẹnu ọkùnrin náà kò sọ. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odidi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Bàbá mi kì í ní "rárá" fún àlejò. Á ní "a ó máa rí i," gbogbo ilé á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń di odidi nítorí pé ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó gbọ́ ọ jọ ń gbélé ni. Èmi àti ọkùnrin yìí kò jọ gbélé. Ó fún mi ní àbọ̀, mo fi ohun tí mo fẹ́ kún àbọ̀ tó kù, mo wá ń pè é ní ìlérí rẹ̀.

Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọ̀wé béèrè. Ìdáhùn kan ní kí n má mikàn. Èkejì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún sùúrù mi, bẹ́ẹ̀ n kò sọ fún wọn pé mo ní sùúrù. Ẹ̀kẹta ní wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ.

Ní oṣù kẹwàá 2019 ni lẹ́tà dé. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti kà á. Bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní 2020, wọn ò ní fún èyí tó ń gbé orí kọ̀ǹpútà ní kọ́kọ́rọ́ mọ́, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń ṣí sọ́fúwíà, gbogbo oníbàárà á kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì máa sanwó lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ń lò ó. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni ń fún wa ní ẹ̀bùn. Oṣù kejìlá sì ni ẹgbẹ́ wa máa ń pín owó.

Mo rò pé kò burú jù, a ó kó àkọsílẹ̀ wa jáde, a ó gbé e lọ síbòmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo ló wà: kí o tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Kò sí bí o ṣe lè kó o jáde ní tábìlì tí Excel lè kà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi lò ó, n kò bèèrè, nítorí pé ìgbà tí èèyàn ń kó wọ ilé tuntun kọ́ ló ń wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Èmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọkùnrin méjì kan jókòó, a ń tẹ orúkọ àti owó látorí ìwé padà sínú Excel, lóru, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Ọyẹ́ ti dé, ètè wa ń sán.

Níbi tí ọwọ́ ti ń yára, a fi owó ẹ̀yáwó tí opó kan ti san padà sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ní ọjọ́ ìpínwó, wọ́n ka gbèsè sí obìnrin náà lọ́rùn níwájú gbogbo ènìyàn. Kò pariwo. Ó kàn jókòó, ó ń tú nínú báàgì rẹ̀ bóyá á rí rìsíìtì. N kò tíì gbàgbé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Màmá Akápò ló dìde. Ó fa ìwé kékeré kan yọ, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, ó ṣí i, ó ka ọjọ́ tí obìnrin náà sanwó àti iye tó san. Láti ọjọ́ tí a ti ra sọ́fúwíà náà ló ti ń kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ní, "Mo ti sọ fún ọ, n kì í di iṣu dè wọ́n."

Mo pe ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà lórí fóònù. Mo ti múra ìjà. Ó gbọ́ mi tán, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú. Ṣùgbọ́n a ò ṣèlérí. A ní a ń wò ó. A sì wò ó." Mo ṣí ìwé mi tí mo lò ní Lọ́kọ́jà kí n lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni *Yóò máa wà*, èmi ni mo sì kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa bí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ṣe ń sọ̀rọ̀, mo sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀tàn nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ ìtàn Adam Osborne, tó ń ta kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè gbé rìn ní Amẹ́ríkà. Ní 1983 ó fi èyí tó ń bọ̀ yangàn nígbà tí èyí tó wà nílẹ̀ kò tíì tà tán. Àwọn oníṣọ̀ọ̀bù dá ọjà dúró, wọ́n ní àwọn ń retí tuntun, kí ọdún náà tó parí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti wọko gbèsè. Àwọn mìíràn ní gbèsè ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà ti wọ gbogbo wọn lára. Òfin tún wà níbẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ tó ń ta ìpín fún aráàlú ní Amẹ́ríkà bá sọ ohun tí yóò ṣe, tí kò sì ṣe é, àwọn tó ra ìpín lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1995 dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú bí ìkìlọ̀ tó nítumọ̀ bá bá a rìn. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ bí Oracle fi máa ń gbé ìkìlọ̀ síwájú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ nípa ọjà tó ń bọ̀, pé ìtọ́sọ́nà lásán ni, kì í ṣe àdéhùn. Àwọn oníṣirò owó wọn náà kò fẹ́ ìlérí: bí o bá ta ọjà lónìí tí o sì ṣèlérí ohun kan pàtó tí wàá fi kún un lọ́la, o lè má lè ka gbogbo owó náà sí owó tó ti wọlé fún ọ títí tí wàá fi mú ìlérí náà ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ sì lè fọ́ ilé. Ní oṣù kẹwàá 2010, Bob Muglia, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Microsoft, sọ fún oníròyìn kan pé ìlànà àwọn lórí Silverlight, irinṣẹ́ Microsoft fún fídíò àti ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti yí padà. Gbólóhùn kan ṣoṣo. Àwọn tó ń fi Silverlight ṣiṣẹ́ pariwo débi pé ó ní láti tún kọ̀wé láti fi ọkàn wọn balẹ̀ pé ó ṣì ṣe pàtàkì. Ẹ̀dà karùn-ún jáde ní ìparí 2011, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, èyí tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójijì ló sún mọ́ òtítọ́ ju èyí tó jókòó kọ lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ kedere ló ṣeé gbára lé. Ní oṣù keje 2022 ni àwọn Stadia, ibi tí Google ti ń fi géèmù ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sọ ní gbangba pé àwọn ò ní ti ilẹ̀kùn. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, wọ́n kéde pé àwọn ń tì í. Ó kéré tán, àwọn yẹn dá owó ẹ̀rọ àti géèmù padà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ta ló dá owó jẹnẹrétọ̀ padà fún wa ní Kàbà?

Nísinsìnyí, bí ọ̀gá sọ́fúwíà bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kéékèèké ni mo ń dẹ etí sí. "A ti ṣe é" ṣeé dì mú: fi hàn mí. "A ó ṣe é" nílò ọjọ́ àti ìwé àdéhùn. "A ń ṣe é," mo máa ń bèèrè pé ta ló ń ṣe é lónìí, àwọn mélòó ni, ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. "A ń wò ó" kò nílò ìbéèrè kankan. Ojú ni èèyàn fi ń wo nǹkan, ọwọ́ kò tíì kan án. Mo tún máa ń bi wọ́n ní ohun tí wọ́n sọ ní èṣí àti èyí tí wọ́n ti ṣe nínú rẹ̀. Àwọn tó bá mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ máa ń dáhùn kíá. Àwọn yòókù á ní ìbéèrè pàtàkì ni mo bi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń bèèrè ṣáájú gbogbo rẹ̀, kí n tó jókòó pàápàá, ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo máa ń ní kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ jáde lójú mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbìyànjú rẹ̀ fún mi ní Àbújá títí òógùn fi bò ó. N kò ra tirẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ra ti ẹnikẹ́ni mọ́ ṣá. Mo padà kọ tiwa, ó ń gbé orí kọ̀ǹpútà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó ìloro ààfin. Ìròyìn rẹ̀ dé Ìyàgbà. Ìyá kan, ọ̀gá ilé ìwé, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní Ìsánlú, wá wò ó lọ́dọ̀ mi. Ó wò ó dáadáa, ó kó àkọsílẹ̀ jáde, ó kó o wọlé padà, ó ń mi orí. Ó wá bi mí pé, "Ṣé yóò ṣiṣẹ́ lórí fóònù? Àwọn ọ̀dọ́ wa ń béèrè."

Mo lanu, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Ìbéèrè pàtàkì nìyẹn, mà. A ń wò ó."

Ara mi bù máṣọ. Ta ni "a"? Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá náà. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ti fóònù, n kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní rárá, ó lè lọ. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti ta ohun tí n kò ní. Àárín méjèèjì tutù, ó rọ̀, ẹnu mi sì ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí ọkàn mi tó dé e. Mo rántí ọkùnrin tó wà ní Lọ́kọ́jà. Inú tí mo ń bí sí i dín kù díẹ̀, kò tán o.

Mo ní, "Ẹ máa bínú, mà. Kò ṣiṣẹ́ lórí fóònù. N kò mọ ìgbà tí yóò ṣiṣẹ́, ó sì lè má ṣiṣẹ́ láéláé. Bó bá jẹ́ pé torí fóònù lẹ ṣe fẹ́ ẹ, ẹ má san kọ́bọ̀."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gidigidi. Ó ní ó pẹ́ tí òun ti gbọ́ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu oníkọ̀ǹpútà. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó mú báàgì rẹ̀, mo sì sìn ín dé ibi tí mọ́tò rẹ̀ wà.

Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Mò ń bọ̀."